Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà, Ṣùgbọ́n Orí Kan Ló Ń Ru Igbá

Àwọn àgbà tí wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà kò purọ́, nítorí kò sí ọjà tí a tẹ̀ sí àárín ìlú, ìbáà ṣe Ọjàaba ní Ìbàdàn tàbí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, tí ẹni tó ti òkè wá àti ẹni tó ti ìsàlẹ̀ wá kì í ti í pàdé nídìí ìsọ̀ ẹlẹ́lùbọ́; ṣùgbọ́n àwọn àgbà náà kò sọ pé kí ẹnì kan ṣoṣo tó ru igbá ata kan ṣoṣo gbìyànjú láti gba gbogbo ọ̀nà náà lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Bóyá wọn kò rò pé a lè gọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, onígìtá nínú ẹgbẹ́ olórin jùjú, ni ó fi òwe yìí bá mi jà. Ó fẹ́ kí gbẹ́nàgbẹ́nà kan ṣe gìtá oníná fún òun, gìtá tí kò ní sí irú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó sì tẹ́ àwòrán rẹ̀ sórí tábìlì mi. Mo ka súíìṣì mẹ́sàn-án lára igi tí kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ ju ọpọ́n ayò lọ.

Mo ní, “Kí ni gbogbo èyí?”

Ó ní, “Bùọ̀dá mi, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà.”

Kí ẹni tí kò mọ̀dí gìtá fara balẹ̀ gbọ́. Òòfà tí a fi wáyà bàbà tín-ín-rín wé ní àìmọye ìgbà ni píkọ́ọ̀pù, abẹ́ okùn irin ni ó sì ń gbé. Bí okùn bá gbọ̀n, iná díẹ̀ a sọ nínú wáyà náà, a sì sáré lọ bá ẹ̀rọ amóhùn-bú-gbàmù. Èyí tó súnmọ́ ọrùn gìtá a máa dún rọ̀bọ̀tọ̀ bí ohùn àgbàlagbà tó yó, èyí tó súnmọ́ ìdí rẹ̀ a máa dún ganran-ganran bí agogo, iṣẹ́ súíìṣì kò sì ju kí ó yan ẹni tí yóò sọ̀rọ̀. Bí píkọ́ọ̀pù bá jẹ́ mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní súíìṣì tirẹ̀, ọ̀nà 7 ni ohùn lè gbà jáde. Bí a bá tún fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní súíìṣì tó ń yí wáyà rẹ̀ sódì, ọ̀nà di 13. Mẹ́ta tó kù nínú mẹ́sàn-án ọmọ wa, ó ní wọn yóò máa gé píkọ́ọ̀pù sí ìdajì. Níbẹ̀ ni mo ti dẹ́kun ìṣirò.

Ó dárúkọ Brian May fún mi, onígìtá ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí súíìṣì 6 wà lára gìtá tí òun àti bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1963, tí wọ́n yọ igi ọrùn rẹ̀ lára ibi ìdáná àtijọ́ kan. Mo gbà, ṣùgbọ́n ìkóríta tó ń da àlejò láàmú kò lè da ẹni tó la ọ̀nà náà láàmú. Mo wá rán an létí Leo Fender, atún-rédíò-ṣe ti California tí kò mọ gìtá ta, tó fi píkọ́ọ̀pù mẹ́ta sára gìtá rẹ̀ tó ń jẹ́ Stratocaster ní 1954, tó sì jẹ́ pé ipò mẹ́ta péré ni ó fún súíìṣì kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀. Àwọn onígìtá ni wọ́n fi ọgbọ́n orí há a sí agbedeméjì ipò kan sí èkejì, kí píkọ́ọ̀pù méjì lè jùmọ̀ sọ̀rọ̀. Ó di 1977 kí ilé iṣẹ́ Fender tó fi ipò márùn-ún sí i, nígbà tí Jimi Hendrix, onígìtá tó fi ọwọ́ òsì dárà lórí Stratocaster, ti kú láti 1970. Eddie Van Halen, onígìtá bíi tirẹ̀, ńkọ́? Píkọ́ọ̀pù kan, kókó ariwo kan ni ó wà lára gìtá rẹ̀, ó sì mi ayé tìtì.

Ọmọ wa kò gbọ́. Gbẹ́nàgbẹ́nà náà kò jiyàn, nítorí súíìṣì kọ̀ọ̀kan ló ní owó tirẹ̀.

Nígbà tí ó ṣe gìtá náà tán, òkú àgbà kan ní Ìjẹ̀bú ni èmi àti ọmọ wa jọ gbé e lọ. Olóyè kan dìde, dùndún ti ń kì í ní ọmọ Alárè, owó sì ń lẹ̀ mọ́ iwájú orí ọmọ wa. Ọ̀kan já bọ́, ó bẹ̀rẹ̀ láti gbà á, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sì gbá súíìṣì kan, bóyá méjì ni. Gìtá yadi. Ó ta èyí sókè, ó ta tọ̀hún sílẹ̀, ohùn tín-ín-rín kan jáde bí ohùn ẹni tó ń gba imú sọ̀rọ̀, nítorí píkọ́ọ̀pù méjì ti kọjú ìjà sí ara wọn, ó sì tún pa lọ. Onídùndún, ọmọ Àyàn Àgalú asọ̀rọ̀igi, tí kò ní ju kọ̀ǹgọ́ kan àti ọṣán tó ń fún mọ́ ìhà, yíjú sí i, ó sì fi ilù bi í léèrè pé, “Ọ̀nà wo lo gbà lọ?” Olóyè jó lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Owó bá a lọ.

Ní ọjọ́ Ajé ni a gbé gìtá náà padà sọ́dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà. Píkọ́ọ̀pù méjì ni ó kù lára rẹ̀ báyìí, súíìṣì onípò mẹ́ta kan, fún ọrùn, fún ìdí àti fún àwọn méjèèjì pọ̀, kókó kan fún ariwo, òmíràn láti mú ohùn rọ̀. Súíìṣì mẹ́sàn-án ìjọ́sí wà nínú agolo mílíìkì lójú fèrèsé mi. Ẹni tó bá fẹ́ wọn, kí ó wá kó wọn lọ́fẹ̀ẹ́.