Ọlọ́kọ̀ Afàyàfà

Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó wà ní Lẹ́kkí, ó wà ní Ìkẹjà, ó wà ní Bódìjà. Mọ́tò ìsáré onílẹ̀kùn méjì ló rà, tòkunbọ̀ tó ń dán yinrin. Kò tíì lò ó jìnnà tó fi sọ pé ó ga jù. Ga jù, ní Èkó! Ọ̀pọ̀ mọ́tò bẹ́ẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 12 sí 14 péré ló wà láàárín ikùn rẹ̀ àti ilẹ̀ láti ilé-iṣẹ́. Ọ̀gbẹ́ni gbé tirẹ̀ lọ fún mẹkáníìkì, wọ́n gé sípíríǹgì ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ku 7.

Ẹ bi í pé kí ló dé. "Ó máa ń di títì mú." Kì í kúkú ṣe irọ́ pátápátá. Lórí pápá ìdíje tó tẹ́jú, ọkọ̀ tí ìwúwo rẹ̀ sún mọ́lẹ̀ kì í fì púpọ̀ bó bá ń ya kọ́nà. Ṣùgbọ́n kọ́nà wo ni tirẹ̀ ń yà? Gbọọrọ ni títì Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́ lọ, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló sì kún un. Third Mainland Bridge ju kìlómítà 11 lọ, gbogbo oríkèé afárá náà ló sì ń dún nínú eegun ẹ̀yìn rẹ̀, torí sípíríǹgì tí a gé ti le sí i, ṣọ́ọ̀kì ò sì ráàyè lọ bọ̀ mọ́. Táyà ń jẹ inú: lójú òde ó ṣì dà bíi tuntun, wáyà ti yọ nínú.

Ìyẹn kàn án. Báǹpù ló kàn mí, báǹpù oní-sìmẹ́ǹtì tí àwọn lándílọ́ọ̀dù dáwó mọ sí àdúgbò. Bó bá débẹ̀, á dúró pátápátá. Á yọrí lójú wíńdò, á máa wo ilẹ̀ bí ẹni tó ń wá owó tó jábọ́. Á wá gbé mọ́tò dábùú títì, kí táyà kan ṣoṣo lè kọ́kọ́ gùn ún. Ọ̀nà dí nìyẹn, fún ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá ń fọn fèrè, dáńfó ń ṣépè, òun ń juwọ́: "Ẹ ní sùúrù, ẹ̀yin ará." Ó tún kù. Àwọn tó gbé gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kí ọkọ̀ lè fúyẹ́. Mo ti rí i tí ìyá rẹ̀ sọ̀: léèsì, gèlè, báàgì ní apá. Màmá ká ìró sókè nínú oòrùn ọ̀sán gangan, wọ́n fẹsẹ̀ la báǹpù kọjá, wọ́n dúró de ọmọ wọn ní òdìkejì. Ọmọ ń tẹ iná díẹ̀díẹ̀. Ìdajì kọjá. Hààà! Ikùn ha ilẹ̀. Ojú rẹ̀ fún pọ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú, itọ́ funfun là ń tu jáde.

Ó wá sọ gbólóhùn tí mo kórìíra jù: "Kì í ṣe ti mọ́tò, bí èèyàn ṣe ń wà á ni." Òun náà ló sọ lọ́jọ́ tí abẹ́ ẹ́ńjìnnì fọ́, tí ọ́ìlì dà sí títì. Òun ló sọ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ tó lóyún kọ̀ láti wọ mọ́tò náà, tó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ọsibítù. Ọgbọ́n ìwakọ̀ wo ló wà nínú kí o sọ ìyá rẹ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin ní àdúgbò kan? Àìlójútì la ń pè é nílé tiwa.

Bí òjò bá rọ̀, tí àgbàrá gba Lẹ́kkí, mọ́tò á wà nílé, ọ̀gbẹ́ni á tẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ní jíìpù láago. Jíìpù kan náà tó máa ń sọ pé bàbá àgbà ló ń wà á.

Àfọwọ́fà ni. Bí ìyà náà bá mọ lọ́rùn rẹ̀, ǹ bá panu mọ́, ṣùgbọ́n àwa là ń tò sẹ́yìn rẹ̀, ìyá rẹ̀ ló sì ń rìn. Odidi sípíríǹgì ń bẹ lọ́jà Ládípọ̀ ní Mushin. Kó lọ rà á, kí màmá lè jókòó.