Ọ̀pọ̀lọ́ Ìdànrè àti Òfin Ẹgbẹ̀rún Náírà

Ọ̀pọ̀lọ́ kan wà tó jẹ́ pé, nínú gbogbo ayé, orí àpáta Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó nìkan ni wọ́n ti rí i rí. Sclerophrys perreti ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Arne Schiøtz, ará Denmark, ló kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1963, ó sì fi orúkọ Jean-Luc Perret, onímọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ ọmọ ilẹ̀ Switzerland, sọ ọ́. Ọ̀pọ̀lọ́ ilẹ̀ Yorùbá wá ń jẹ́ orúkọ òyìnbó. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ náà ń jẹ́ orúkọ tí ìyá àgbà wọn kò lè pè.

Ibi tí ọ̀pọ̀lọ́ yìí ń tọ́mọ sí ló yà á sọ́tọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa wá omi tó dárogún, wọn a yé ẹyin sí i, ó parí. Ní ti èyí, àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò tíì yọ ẹsẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ ara òkúta tó dagun, níbi tí omi tín-ín-rín ti ń sun wálẹ̀. Bí omi yẹn bá gbẹ, tàbí tí iná ìgbẹ́ bá jó dé ibẹ̀, kò sí àpáta mìíràn tí yóò kó lọ. Lẹ́yìn tí Schiøtz ti kọ̀wé tirẹ̀ tán, ọ̀pọ̀lọ́ náà di àwátì fún ohun tó lé ní 40 ọdún. Ní 2013 ni Abíọ́dún Onádèkó ti Yunifásítì Èkó tún rí i, òun àti àwọn onímọ̀ láti Jámánì sì gbé ìròyìn náà jáde ní 2014. Ní gbogbo ogójì ọdún ó lé yẹn, kò sí aṣòfin kankan tó dìde lórí àga rẹ̀ láti béèrè pé ọ̀pọ̀lọ́ wa dà.

Òfin tó yẹ kó bo irú ẹ̀dá báyìí ti wà ní Nàìjíríà láti 1985, láyé ìjọba ológun. Ó pín àwọn ẹranko sí ọ̀wọ́ méjì: èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa, mú tàbí tà rárá, àti èyí tí ènìyàn lè fi ṣòwò bó bá gba ìwé àṣẹ. Ẹranko tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ọ̀wọ́ méjèèjì, òfin ò mọ̀ ọ́n rí. Bí ẹnì kan bá wá pa ẹranko ọ̀wọ́ kìíní fún ìgbà àkọ́kọ́ ńkọ́? Òfin là á sílẹ̀ kedere: ₦1,000.

Ẹgbẹ̀rún náírà. Ní 1985, owó gidi ni. Àmọ́ wọn kò fọwọ́ kàn án mọ́ títí di 2016, tí wọ́n tó gbé e dé orí mílíọ̀nù. Odindi ọdún 31 ni náírà fi ń rù, tí owó ìtanràn náà jókòó sójú kan. Ìnàkí wà nínú ọ̀wọ́ kìíní, nítorí náà ìnàkí odindi, pẹ̀lú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àti ìyàwó tó fi sílẹ̀, ₦1,000 ni nígbà náà. Kí 2016 tó dé, ẹni méjì tó bá wọ bùkà ní ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, tí wọ́n jẹ àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú, tí wọ́n sì bá ara wọn du ẹran, lè ná iye yẹn kí wọ́n tó fọwọ́. Ẹni tó pa ìnàkí á san owó oúnjẹ, á sì máa lọ.

Kíkó ẹlẹ́ṣẹ̀ dé ilé-ẹjọ́ gan-an tún ni ìṣòro tirẹ̀. Olú ilé-iṣẹ́ Ọgbà Ẹranko Old Oyo wà ní Ìsokùn, nínú ìlú Ọ̀yọ́. Ọgbà náà fúnra rẹ̀ fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó. Ó ní òfin tirẹ̀, ṣùgbọ́n ká ní ti 1985 yìí ni ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ fẹ́ lò kí 2016 tó dé. Ẹ̀ṣọ́ á ra epo láti Ìsokùn dé Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, á mú ẹlẹ́ṣẹ̀, á fún un lómi mu, á gbé e padà, á ra bébà, á kọ ìwé ẹ̀sùn, á dúró de adájọ́ tó lọ síbi òkú àna rẹ̀, á padà wá lọ́sẹ̀ kejì pẹ̀lú epo mìíràn. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ìjọba á gba ẹgbẹ̀rún náírà, á já rìsíìtì fún un. Bóyá ẹlẹ́ṣẹ̀ náà á tiẹ̀ bá wọn wá ṣéńjì.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá 2025, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí àbá òfin tuntun lórí àwọn ẹ̀dá tó fẹ́ parun, lẹ́yìn tí Ilé Aṣojú-ṣòfin ti ṣe tiwọn. Owó ìtanràn ibẹ̀ lè dé ₦12 mílíọ̀nù, ẹ̀wọ̀n sì lè tó ọdún 10. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n eyín erin àti ìpẹ́ akika ni gbogbo ariwo àbá náà dá lé, nítorí Nàìjíríà ti di ojú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kó wọn lọ sí Éṣíà. Ìyẹn ni pé ẹranko gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé pápákọ̀ òfuurufú kí Àbújá tó rí i. Ọ̀pọ̀lọ́ Ìdànrè kò dé Àkúrẹ́ rí. Kò sí ẹni tó ń fi ṣòwò lókè òkun, kò sí nínú ìwé CITES tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń ṣọ́ òwò ẹranko, kò sì ní káàdì ìdìbò.

Ọ̀pọ̀lọ́ kan wà tó rí ìwé ìrìnnà gbà. Ní àfonífojì Kihansi ní Tanzania, ọ̀pọ̀lọ́ kékeré kan ń gbé níbi tí omi tó ń já bọ́ láti orí òkè ti ń fọ́n sí i lára. Wọ́n ṣe ìdídò kan síbẹ̀ fún iná mànàmáná, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2000, omi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dáwọ́ fífọ́n dúró. Wọ́n sáré kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọ̀pọ̀lọ́ náà lọ sí ọgbà ẹranko Bronx ní New York, wọ́n sì to ẹ̀rọ afọ́nmi sí àfonífojì náà. Ní 2009 wọ́n kéde pé kò sí ìkankan mọ́ nínú igbó. Àwọn tó japa ló bímọ ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ wọn ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó padà wálé sí àfonífojì náà ní 2012. Ìdílé tó rí báyẹn pọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, àfi ti pé àwọn ọmọ kì í padà.

Àwọn aṣòfin lè sọ pé Yorùbá kì í jẹ ọ̀pọ̀lọ́, pé ta ni yóò pa á. Lóòótọ́, àwọn àgbà ní ọ̀pọ̀lọ́ ń yan káńdú-kàǹdù lójú ẹlẹ́gùsí, ẹlẹ́gùsí ò gbọdọ̀ yí i láta. Òfin ìyẹn lágbára ju ti 1985 lọ, kò tilẹ̀ gba owó ìtanràn. Ṣùgbọ́n ìkòkò ọbẹ̀ nìkan ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbà á lọ́wọ́ iná ìgbẹ́ àti oko kòkó. Kọ̀nkọ̀ àti àkèré ni wọ́n ń jẹ. Àwọn ọmọkùnrin abúlé a máa gbé tọ́ọ̀ṣì wá wọn lálẹ́ lẹ́yìn òjò. Àwọn olùwádìí fọ̀rọ̀ wá ènìyàn 32 tó ń kó kọ̀nkọ̀ tà lẹ́nu wò ní Nàìjíríà, wọ́n sì ṣírò pé àwọn wọ̀nyí nìkan ń ta bíi mílíọ̀nù 2.7 lọ́dún. Kọ̀nkọ̀ ṣì pọ̀. Ti Íńdíà náà pọ̀ nígbà tí wọ́n ń gé itan rẹ̀ ránṣẹ́ sí Yúróòpù, kí wọ́n tó fòfin dè é ní 1987.

Ó tọ́ kí a gbóríyìn fún ìjọba àpapọ̀ níbi kan. Láti ìgbà Ọbásanjọ́ ni ọ̀rọ̀ ọ̀nà oníbejì Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ti wà nílẹ̀, kìlómítà 52 péré, wọ́n ń ṣe é, wọ́n ń dá a dúró. Nínú àwọn kòtò rẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ ti yé ẹyin, ó ti tọ́mọ, ó ti ṣe ìsọmọlórúkọ. Kò sí ilé-iṣẹ́ ààbò ẹranko tó ṣe tó Ilé-iṣẹ́ Iṣẹ́ Òde. Ẹ̀fẹ̀ parí níbẹ̀. Àwọn ènìyàn kú sábẹ́ tírélà lójú ọ̀nà yẹn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn aláta, àwọn awakọ̀, àwọn aṣòfin sì ń fi síréènì lé àwọn tó kù kúrò lọ́nà. Ìwà àìnítìjú ni. Ẹni tí kò ka ènìyàn sí kò lè ka ọ̀pọ̀lọ́ sí.

Ohun tó kù láti ṣe kò ṣòro. Kí àwọn aṣojú wa láti Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ní Àbújá rí i pé orúkọ ọ̀pọ̀lọ́ Ìdànrè wọ inú ọ̀wọ́ kìíní; ìlà kan ṣoṣo ni. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ wà lọ́wọ́ gómìnà láti ìgbà òfin ilẹ̀ 1978, nítorí náà Ilé Aṣòfin Oǹdó ló máa pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má dáná tàbí dáko níbi tí omi ti ń sun lára àpáta yẹn. Òkè Ìdànrè ti wà nínú ìwé ìdúródè UNESCO fún ibi àjogúnbá àgbáyé láti 2007. Kí wọ́n kọ ọ̀pọ̀lọ́ náà mọ́ àwọn ohun tó yẹ kí wọ́n torí rẹ̀ ṣọ́ ibẹ̀. Kí wọ́n sanwó fún ẹ̀ṣọ́ ìlú méjì mẹ́ta tó mọ òkè náà, lóṣooṣù, láìjẹ gbèsè. Bí owó bá sì ṣẹ́kù, kí ẹni tó ń lẹ àwòrán aṣòfin mọ́ ẹ̀rọ ìlọta tí wọ́n ń pín jọ̀wọ́ dín in kù díẹ̀, kí obìnrin tó gbà á lè rí ibi tí wọ́n ń da ata sí.