Ṣalángá Bàbá Onílé

Ẹ fa àpótí yẹn mọ́ra, ẹ jókòó. Ṣé ẹ ti rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́yìnkùlé wa? Wọn ò kí ẹnikẹ́ni o. Apáàdì tí wọ́n bá pàdé níbi tí Bàbá Onílé ti ń gbẹ́ ṣalángá ni wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá, èyí tó dà bí èyí tí wọ́n fi ń kun èékánná.

Apáàdì Ifẹ̀ yìí, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ìnàró ni wọ́n tò ó sínú ilẹ̀. Àwọn àgbà ní Lúwòó, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ló ní kí wọ́n tẹ́ ẹ kí ẹrẹ̀ má baà kan òun lẹ́sẹ̀. Mi ò dá a lẹ́bi. Ẹ wo bàtà tí Ìyá Aláṣọ wọ̀ lọ síbi òkú lọ́jọ́sí... ẹ jẹ́ n fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Bàbá Onílé ti ra símẹ́ńtì, ó fẹ́ fi rẹ́ ẹ kó lè lálòpẹ́! Ọmọbìnrin kan nínú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó ní símẹ́ńtì le ju apáàdì lọ, omi á há sábẹ́ rẹ̀, iyọ̀ inú rẹ̀ á máa jẹ ẹ́ títí ojú rẹ̀ á fi bó. Iyanrìn ni kí wọ́n fi bò ó, tí wọ́n bá ti yàwòrán rẹ̀ tán. Ibẹ̀ ni Ìyá Àgbà, tó ti mọ ìkòkò rí, ti mú apáàdì kan, ó fìka kàn án, ó ní iná ò jẹ èyí dáadáa, kí wọ́n má rẹ ẹ́ sómi. Ọ̀gá wọn gan-an kúnlẹ̀ kó lè gbọ́.

Wọ́n wá ṣèèṣì sọ fún Bàbá Onílé pé ìpìlẹ̀ ilé ni wọ́n ń gbẹ́ ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ lọ́dún 1938 tí wọ́n fi bá àwọn orí idẹ pàdé. Yéè! Látìgbà náà, orí ihò ṣalángá ló ń sùn. Ẹni tó ń gbẹ́ ẹ kò gbọdọ̀ da erùpẹ̀ nù kí wọ́n tó jọ̀ ọ́. Lánàá ni Bàbá Onílé rí ìlẹ̀kẹ̀ kan. Wọ́n ti sọ fún un pé ìlẹ̀kẹ̀ dígí tí wọ́n hú ní Igbó Olókun lé ní 12,000, pé Ifẹ̀ ló ń rọ ọ́ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀rúndún 11 sí 15. Ó gbé tiẹ̀ wá lórí àwo. Ọmọbìnrin yẹn yí i síwá-sẹ́yìn, ó rọra ní, “Bàbá, rọ́bà ni, sà.”

Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọ Ìyá Alákàrà mà ni! Mo mọ̀ ọ́n, mi ò kàn sọ ni.

Ṣalángá ò tíì parí o. Ilé kejì la ṣì ń sáré lọ.