Táyà Rojọ́, Mo Dá A Lẹ́bi

Bí wọ́n bá ní kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi gẹ́gẹ́ bí onímọ́tò, mi ò ní bẹ̀rẹ̀ láti orí eré àsápajúdé. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé adájọ́ tí kì í gbọ́ ẹjọ́ ni mí. Táyà á jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, màá ní ayédèrú ni, màá ra òmíràn. Òmíràn á jẹ lójú ibẹ̀ gan-an, màá bú ẹni tó tà á fún mi. Bí owó ò bá sí, màá gbé èyí tó ti jẹ lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, bí ọmọdé tó fọ́ àwo tó kó àfọ́kù rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn ìkòkò omi. Fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá ni. Bí táyà méjì tí kì í ṣe ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe wọ́n bá jẹ lójú kan náà, ẹlẹ́rìí méjì nìyẹn, ọkọ̀ ni wọ́n sì ń jẹ́rìí lòdì sí.

Ẹ̀rí nípa afẹ́fẹ́ ló máa ń kó ìtìjú bá mi jù. Táyà tó jẹ láàárín, tí ilà etí rẹ̀ méjèèjì ṣì jinlẹ̀, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èyí tó jẹ létí méjèèjì, tí àárín rẹ̀ ṣì dára, ebi afẹ́fẹ́ ló ń pa á, èjìká ló fi ń rìn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, iye tó yẹ kí a fẹ́ sí i wà lára òpó ìlẹ̀kùn awakọ̀, ibi tí mo ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ lójoojúmọ́ láì kà á. Èyí tí mo máa ń kà fún fọkanáísà ni iye tí wọ́n tẹ̀ sára táyà fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òpin ohun tí táyà lè gbà nìyẹn, kì í ṣe ohun tí ọkọ̀ ń fẹ́. Ó dà bíi kí a wo bí ìkòkò ṣe tóbi tó, ká fi bu oúnjẹ fún àlejò kan ṣoṣo. Ẹnìkan lè sọ pé ojú fọkanáísà tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ dára ju géèjì lọ. Mo bọ̀wọ̀ fún ojú náà, ṣùgbọ́n táyà òde òní máa ń wú díẹ̀ nísàlẹ̀ bí afẹ́fẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ pé. Ojú lásán ò lè ya 26 psi sọ́tọ̀ kúrò lára 32 psi. Géèjì pàápàá ò ṣeé gbára lé fún ẹni tó sáré dé ọ̀dọ̀ fọkanáísà, nítorí táyà tó gbóná, iye rẹ̀ á ti ga. Ẹni tó bá tú afẹ́fẹ́ dànù nígbà náà (èmi nìyẹn), táyà rírọ̀ ló máa bá ní àárọ̀.

Bó bá jẹ́ etí kan ṣoṣo ló jẹ, afẹ́fẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ nínú ẹjọ́. Ìdúró ẹsẹ̀ ọkọ̀, ìyẹn aláínmẹ́ǹtì, ló kàn. Fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú táyà lọ, kí o tún rà á bọ̀. Bó bá ń yọ̀ ní àlọ, tó ń ha ọwọ́ bí eyín ayùn ní àbọ̀, aláínmẹ́ǹtì ti yẹ̀. Àwáwí mi níbí ni pé ọkọ̀ mi kì í fà sí ọ̀tún tàbí òsì. Ó dùn-ún gbọ́, kò sì já mọ́ nǹkan kan, torí bí ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì bá yà bákan náà, ọ̀kan á máa ti èkejì padà, ọkọ̀ á lọ tààrà, táyà á sì máa jìyà. Táyà tó ga ní mìlímítà 600, tó fi mìlímítà 3 péré yà láti iwájú dé ẹ̀yìn, nǹkan bíi mítà 5 là ń wọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Nínú ìrìn 100 kìlómítà, ó ti di ìdajì kìlómítà. Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀! Bálánsì, ìyẹn òjé kéékèèké tí wọ́n ń kàn mọ́ rímù nítorí gbígbọ̀n, kò wo èyí sàn. Iye ọdún tí mo fi pe bálánsì àti aláínmẹ́ǹtì ní ohun kan náà, ẹ má bi mí.

Ọ̀nà wa ló bàjẹ́, ni ọ̀pọ̀ èèyàn á wí. Òótọ́ ni: kòtò ló ń tẹ táì rọ́ọ̀dù, tó ń pa búṣìn àti ṣọ́ọ̀kì. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń gbà, kí ló dé tó jẹ́ ọ̀kan ló jẹ? Ọ̀nà tó bàjẹ́ sì tún jẹ́ ìdí fún kí a máa yẹ ọkọ̀ wò lemọ́lemọ́, èmi ni mo sọ ọ́ di ìdí láti má ṣe é rárá. Tí mo bá sì fẹ́ ṣe é, màá ṣe é lódì: màá ti lọ ṣe aláínmẹ́ǹtì kí mẹkáníìkì tó fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀, kó mi í, kó mọ̀ bóyá bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ti yọ̀. Wíwọn aṣọ fún ẹni tí kò dúró sójú kan nìyẹn. Bí táyà bá sì jẹ ní kòtò-kòtò yípo, ṣọ́ọ̀kì ni kí a kọ́kọ́ fura sí.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Mo máa ń sọ pé owó aláínmẹ́ǹtì ti pọ̀ jù, bí ẹni pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún mi ní táyà. Bí etí inú bá ti jẹ dé àmì mìlímítà 1.6 tó wà nínú ilà, táyà ti parí, ìyókù rọ́bà tó ṣì nípọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, owó mi ni mo sọ nù yẹn. Etí inú yẹn náà ni kì í hàn sí ẹni tó wà lóòró. Mo ní láti yí sítíárì dópin, kí n kúnlẹ̀, kí n yọjú wò ó. Lọ́jọ́ tí mo bá sì rántí, aṣọ funfun ni mo máa ń wọ̀.