Yàrá Ìfọṣọ Tó Fẹ́ Dáṣọ fún Ilé Ayé

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá ní òun yóò dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Wọn ò ní ká kọ aṣọ, wọn ò sì pe ẹni tó ṣèlérí ní òpùrọ́. Ojú lásán ni wọ́n ní ká fi wò ó: bí tọrùn rẹ̀ bá ti fàya, ká yáa máa tọ́jú èyí tó wà lára wa. Láyé ìsinsìnyí, ẹlẹ́bùn tuntun ti dé. Kì í ṣe ènìyàn, yàrá ìfọṣọ ni. Ó ní ilé ayé ti wà ní ìhòòhò, òun lòun yóò sì dáṣọ fún un.

Ẹ ó ti rí i lórí Instagram. Ògiri rẹ̀ funfun báláú. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju ẹ̀rọ ìfọṣọ kan, apẹ̀rẹ̀ kan, ìgò mẹ́ta, àti òdòdó kan tó dúró ṣánṣán ní kọ̀rọ̀ bíi pé wọ́n fi ṣọ́ ọjà. Oríkì méjì ni wọ́n fi ń kì í: wọ́n ní ó mọ níwọ̀n, wọ́n ní kì í ba àyíká jẹ́. Ta ni irú rẹ̀ ò wù? Ẹni tó bá ti fẹsẹ̀ kọ bàsíà omi ọṣẹ lóru rí mọ̀ pé ilé tó wà létòlétò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n òwe ti wà nílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ọrùn.

Kí yàrá tó lè mọ níwọ̀n, ọjà ni onílé máa kọ́kọ́ lọ rà. Bàsíà ike tó ti sin ìdílé láti ayébáyé, tó wẹ ọmọ, tó gbe òjò, tó rẹ ẹ̀wà, wọ́n gbé e lọ sí ààtàn, nítorí pé ike ni, ike sì ń ba ayé jẹ́. Pé bàsíà ò ba nǹkan kan jẹ́ títí di ọjọ́ tí wọ́n jù ú nù, ìyẹn ò kan àwòrán. Lẹ́yìn náà ni ìgò dé. Wọ́n ra ọṣẹ ẹlẹ́búlẹ́bú nínú ọ̀rá, wọ́n tú u sínú ìgò, wọ́n lẹ ìwé tó rẹwà mọ́ ìgò lára, wọ́n wá ju ọ̀rá sí gọ́tà, níbi tí kámẹ́rà ò dé. Ọṣẹ dúdú tí a fi eérú èèpo kòkó àti àdín sè, tí wọ́n ń bù sínú ewé tà tẹ́lẹ̀, òun náà ti wọ ike onídèérí wúrà, owó rẹ̀ sì ti yàtọ̀. Ní ti apẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ Ṣáínà ló ti wọ ọkọ̀ ojú omi wá. Ó ṣeé ṣe kí mọ́tò tó gbé e lọ sílé gba Mende kọjá, ní Maryland l'Ékòó, níbi tí àwọn ahunpẹ̀rẹ̀ to tiwọn sí, tí wọ́n ń wò ó bó ṣe ń lọ.

Ẹ̀rọ ìfọṣọ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀daràn. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ fọ aṣọ ibùsùn odindi ìdílé rí mọ̀ pé ìbàdí ló ń san owó rẹ̀. Àmọ́ iná tí ẹ̀rọ ń jẹ, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló ń lọ sórí omi gbígbóná. Ìdí nìyí tí àwọn òyìnbó fi ń kìlọ̀ fún ara wọn pé kí wọ́n máa fi omi tútù fọṣọ. Àwa tí ìyá wa ò fi omi gbígbóná fọ búbá rí, a ra ẹ̀rọ tán, a wá ń tẹ bọ́tìnnì omi gbígbóná, torí pé bọ́tìnnì wà níbẹ̀, a sì ti sanwó rẹ̀.

Ti ẹ̀rọ ìmáṣọgbẹ ló wá burú jù. Ìgbà kan ṣoṣo tó bá mú aṣọ gbẹ, ó lè jẹ tó ẹyọ iná mẹ́ta, ìyẹn kílówáàtì-wákàtí 3. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, owó iná àwọn oníbàárà Band A, àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lóòjọ́ fún, fò láti ₦68 sí ₦225 fún ẹyọ kan. Ẹ ṣírò rẹ̀ ní iye ìgbà náà: ₦675 kí ṣòkòtò tó gbẹ. Bí wọ́n bá sì mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bú ramúramù lẹ́yìn ilé, èéfín á gba ojú ọ̀run kan, kí aṣọ tí a fọ̀ láìba àyíká jẹ́ lè rí ooru. Ní gbogbo àkókò yẹn, oòrùn wà níta, ó ń ràn lọ́fẹ̀ẹ́.

Maryland mìíràn wà ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ wa sì pọ̀ níbẹ̀. Ní 2010, wọ́n ṣe òfin níbẹ̀ pé ẹgbẹ́ onílé kò gbọdọ̀ dí onílé lọ́wọ́ kó má sá aṣọ sórí okùn. Àwọn tó ti lo ẹ̀rọ ìmáṣọgbẹ títí tó fi sú wọn ń fi òfin gba okùn padà. Nílé níbí, àwọn ẹ́síteètì kan ń fi òfin lé okùn jáde, wọ́n ní ó ń jẹ́ kí àdúgbò dà bí ilé onífésì-mì-áì-fésì-yú.

A ò tíì kan ibi tó ti fàya jù. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn tó kángun sí yàrá ìfọṣọ náà, kẹ́ ẹ wo kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ. Kò ṣeé tì. Aṣọ ẹbí ìsìnkú bàbá Lágbájá wà níbẹ̀, ti ìgbéyàwó ọmọ Tàmẹ̀dù wà níbẹ̀, ti ọjọ́ ìbí ẹni tí onílé ò mọ̀ rí náà wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n wọ púpọ̀ nínú wọn. Yàrá ìfọṣọ mọ níwọ̀n, ẹrù tí à ń kó lọ síbẹ̀ ni kò níwọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ aṣọ òde òní, ike ni wọ́n fi hun ún. Bí a bá ti ń fọ̀ ọ́, fọ́nrán wínníwínní á máa bọ́ lára rẹ̀, á bá omi lọ. Ìwádìí tí IUCN, àjọ àgbáyé tó ń dáàbò bo ìṣẹ̀dá, gbé jáde ní 2017 fojú bù ú pé nínú ike tó ti rí wínníwínní kó tó wọ òkun, ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń wá láti ara fífọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Faransé tilẹ̀ kọ ọ́ sínú òfin ní 2020 pé láti 2025, ẹ̀rọ ìfọṣọ tuntun gbọ́dọ̀ ní asẹ́ tí yóò máa gba fọ́nrán wọ̀nyí. Ìgò mẹ́ta àti òdòdó kan ò lè ṣe iṣẹ́ asẹ́.

Ẹnì kan wà tí kò sí nínú àwòrán: ọmọbìnrin tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ilé. Nítorí iná tó ń lọ tó ń bọ̀, òun ló ń fọ èyí tó pọ̀ jù nínú aṣọ náà ní ìdí ẹ̀rọ omi lẹ́yìnkùlé. Ó ti lọ gbé bàsíà kúrò ní ààtàn. Aṣọ funfun ló kọ́kọ́ fọ̀, ó fi omi ọṣẹ kan náà fọ aláwọ̀, ó sì fi àṣẹ́kù rẹ̀ fọ àkísà ìnulẹ̀. Omi tó fi ṣan aṣọ kẹ́yìn, ilé ìyàgbẹ́ ló dà á sí. Ó sá funfun sí ojú oòrùn, ó sá àdìrẹ sí abẹ́ ìbòòji kí aró má baà ṣí. Kò jẹ iná, kò jẹ bẹntiróòlù, kò da omi nù. Gbogbo ohun tí àwọn olùkọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbowó láti kọ́ni ló ti ṣe kí ọ̀gá rẹ̀ tó jí. Kò sẹ́ni tó pè é ní olùdáàbò bo àyíká. Wọ́n ní kó yára, àlejò ń bọ̀ wá wo yàrá ìfọṣọ.

Bí owó bá wà, ẹ ra ẹ̀rọ, ẹ̀yìn ọmọ yẹn náà yẹ kó sinmi. Ẹ jẹ́ kó kún kẹ́ ẹ tó tan án, ẹ lo omi tútù, ẹ má sì tú okùn ìsáṣọ yín. Bí wọ́n bá sì tún pín aṣọ ẹbí fún yín lọ́sẹ̀ yìí, ẹ fún ọlọ́jọ́ lówó ọwọ́ yín, kẹ́ ẹ wọ èyí tó wà nílé lọ.