Ìbòmú, Ọmọ Okùn Méjì

Ìbòmú, ọmọ okùn méjì! Aṣọ tí kò tó nu ojú ìkókó, òun ló da ìlú ọlọ́gbọ́n rú. Wọ́n so ọ́ mọ́ etí, o gbé wọn dé ilé ẹjọ́. Wọ́n fi ọ́ bo imú, o tú àṣírí ẹnu. Mo kí ọ o. Láti ìgbà tí mo ti ń gbọ́ ìròyìn òkè òkun, n kò tíì rí àkísà kan tí gómìnà, adájọ́, dókítà àti ìyá ọmọ jọ dì mú ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bíi tìrẹ.

Ọ̀rọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà ni mo gbé dé. Ọdún 2021 ni, nígbà tí Kòrónà ẹ̀yà Delta ń jà kiri, tí ilé-ẹ̀kọ́ sì fẹ́ wọlé ní oṣù kẹjọ. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé kí ọmọ bo imú nínú kíláàsì àbí kó má bò ó? Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò lè la ọ̀sán já. Ìyá ọmọ á wo ọmọ lójú lẹ́ẹ̀kan, ọmọ á ti mọ ohun tí yóò wọ̀. Àmọ́ ní Amẹ́ríkà, ó lé ní oṣù mẹ́fà tí wọ́n fi fà á, wọ́n sì fà á dé kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Ọ̀dọ̀ àwọn dókítà ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́ di mí lẹ́nu. Ní ìparí oṣù kejì ọdún 2020, dókítà àgbà ìjọba àpapọ̀ wọn nígbà náà, Jerome Adams, kígbe mọ́ aráàlú pé kí wọ́n yéé ra ìbòmú. Ó di ọjọ́ 3 oṣù kẹrin, CDC, àjọ tó ń dènà àrùn ní Amẹ́ríkà, ní kí kálukú wá aṣọ bo imú. Ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 2021, CDC ní ẹni tó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára pé lè bọ́ ọ. Inú aráyé dùn, àwọn kan á ti fi tiwọn nu gíláàsì mọ́tò. Ó di ọjọ́ 27 oṣù keje, CDC tún yọjú: ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin àlejò, ẹ dá a padà sójú, àti ẹni tó gba abẹ́rẹ́ àti ẹni tí kò gbà. Mo mọ̀ pé àrùn ló ń pa àwọ̀ dà, kì í ṣe dókítà. Síbẹ̀, wọ̀ ọ́, bọ́ ọ, tún un wọ̀: télọ̀ nìkan ni mo mọ̀ tó máa ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, télọ̀ náà á sì ti gba owó àsansílẹ̀.

Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé, American Academy of Pediatrics, ní tiwọn ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìbòmú láti orí ọmọ tó ti lé ní ọdún méjì. Ọdún méjì! Ẹ̀yin ìyá tó ń kà mí, mo bẹ̀ yín, kí ni ọmọ ọdún méjì wọ̀ rí tó pẹ́ lára rẹ̀? Ṣé èyí tí a wọ ṣòkòtò fún lẹ́nu ọ̀nà ilé, tí a ó fi dé ṣọ́ọ̀ṣì tí yóò ti máa jó ní ìhòòhò níwájú pásítọ̀? Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní ọmọ ọdún márùn-ún sísàlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi dandan lé e fún un. Ní England, wọn kò fi dandan lé e fún ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nínú kíláàsì rárá. Àrùn kan náà ni o. Bóyá imú ọmọ Amẹ́ríkà ló gùn jù.

Ibi tí àwọn dókítà ti ń wọ̀ ọ́ tí wọ́n ń bọ́ ọ ni àwọn gómìnà ti dé, wọ́n ní àwọn wá gba òbí sílẹ̀. Ron DeSantis ti Florida fọwọ́ sí ìwé ní ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 2021 pé kí ilé-ẹ̀kọ́ kankan má fi dandan lé ìbòmú. Òbí ni kó pinnu fún ọmọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí òbí, àfi pé àwọn ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tí gómìnà dì lọ́wọ́ yìí, àwọn òbí yìí kan náà ló dìbò yàn wọ́n. Adájọ́ kan ní Tallahassee, John Cooper, ní gómìnà ti kọjá àyè rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì péré, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní kí àṣẹ gómìnà ṣì máa bá iṣẹ́ lọ.

Ibi tó pa mí lẹ́rìn-ín ni ọ̀rọ̀ owó oṣù. Àwọn agbègbè bíi Alachua àti Broward kọ̀, wọ́n ní ọmọ àwọn yóò bo imú. Ìjọba Florida bá ń yọ iye tó jẹ́ owó oṣù àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ náà kúrò nínú owó tó ń fún wọn. Ìjọba àpapọ̀ ní Washington gbọ́, ó fi $147,719 ránṣẹ́ sí Alachua láti fi dí ihò. Florida gbọ́ pé Washington fi owó ránṣẹ́, ó ní òun yóò yọ iye ìyẹn náà. Ẹ ti rí irú rẹ̀ nílé olórogún rí: baálé ní òun ò fún ìyàwó kékeré lówó ọbẹ̀, ìyá ọkọ tú ìdí aṣọ, ó fún un lówó ní kọ̀rọ̀, baálé gbọ́, ó ní kí wọ́n lọ ka owó tí ìyá òun fún un, kí wọ́n sì yọ ọ́ nínú owó ilé-ìwé. Gbogbo èyí lórí aṣọ tí owó rẹ̀ kò tó ti gúgúrú.

Greg Abbott ti Texas ní tirẹ̀ jẹ́ ẹni tó ti sin ìbòmú rí kó tó kọ̀ ọ́. Òun ló pàṣẹ ní ọjọ́ 2 oṣù keje ọdún 2020 pé kí ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ará Texas bo imú nígbàkigbà tí wọ́n bá wà láàrin èrò. Kí ọdún tó yí po, ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, òun kan náà ló ní òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá pàṣẹ ìbòmú fún aráàlú lè san owó ìtanràn tó tó $1,000. Bó bá jẹ́ pé òfin ń ṣiṣẹ́ sẹ́yìn ni, ara rẹ̀ ni ì bá kọ́kọ́ bu owó ìtanràn lé.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ń gbé Houston. Ní oṣù kẹjọ yẹn, ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ Houston ní àwọn kò gbọ́ ti gómìnà, ìbòmú ni dandan. Mo pè é lórí fóònù, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ ń ṣe sí i?" Ó ní, "Àbúrò mi, gómìnà ní kí n má dá ilé-ìwé lóhùn, ilé-ìwé ní kí n má dá gómìnà lóhùn. Mo ti ki ìbòmú sínú báàgì ọmọ. Mo ní tó bá dé kíláàsì, kó kọ́kọ́ wo ojú tíṣà. Bí tíṣà bá bo imú, kó bò ó. Bí kò bá bò ó, kó fi nu ọwọ́ tó bá jẹun tán." Ẹ wo obìnrin tó yẹ kó jẹ́ adájọ́!

Àmọ́ bí a bá ń wá ọ̀gá nínú ìjà yìí, ìlú kékeré kan ní Texas ni. Paris ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe ti Faransé o, ṣùgbọ́n wọ́n ní ilé ìṣọ́ Eiffel tiwọn, èyí tí kò ga tó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi fìlà pupa kan dé e lórí, irú èyí tí àwọn darandaran Texas ń dé. Ìlú tó lè dé fìlà fún irin, ṣé irú wọn ni gómìnà máa bá du ọ̀rọ̀ aṣọ? Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ, ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wọn ka àṣẹ gómìnà láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n sì rí i pé kò fọwọ́ kan agbára tí òfin ẹ̀kọ́ fún wọn láti sọ aṣọ tí ọmọ ilé-ìwé yóò wọ̀. Wọ́n bá kọ ìbòmú sínú òfin aṣọ wíwọ̀. Ó parí. Gómìnà ní kí wọ́n má pàṣẹ ìbòmú, wọn kò sì pàṣẹ ìbòmú. Yunifọ́ọ̀mù ni wọ́n rán. Mo ti ń wá lọ́yà tó gba wọ́n nímọ̀ràn yìí. Bó bá jẹ́ Yorùbá ni, mo mọ ìlú tó ti wá, n kò kàn ní dárúkọ.

Ọjọ́ 17 yẹn kan náà ni wọ́n kéde pé àyẹ̀wò fi hàn pé Gómìnà Abbott fúnra rẹ̀ ti kó Kòrónà. A kì í fi àìsàn ṣe yẹ̀yẹ́, mo ti pa ẹnu mọ́. Ó ti gba abẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀, ara rẹ̀ sì yá.

Asa Hutchinson, gómìnà Arkansas nígbà náà, àánú tirẹ̀ ṣe mí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, nígbà tí àrùn lọ sílẹ̀ díẹ̀, ó fi kálámù rẹ̀ fọwọ́ sí òfin pé kí ìjọba àti ilé-ẹ̀kọ́ má fi dandan lé ìbòmú. Oṣù kẹjọ dé, àrùn gorí ilé. Ó jáde, ó ní ó dun òun pé ìwé yẹn di òfin, ó sì pe àwọn aṣòfin padà wá kí wọ́n bá òun tú u fún ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn aṣòfin wá, wọ́n jókòó, wọ́n gbọ́ ẹ̀bẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n lọ sílé. Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn, tó ju kọ́kọ́rọ́ sínú kànga, tó wá ń bẹ àwọn tó wà nínú ilé pé kí wọ́n ṣí i! Adájọ́ kan ló padà gbà á sílẹ̀: ó dá òfin náà dúró fún ìgbà díẹ̀. Àfi bíi pé kí wọ́n dá ẹni lẹ́bi, kí inú ẹni máa dùn.

Ìpàdé wá ni ibi tí ojú ti pọ́n. Ní Amẹ́ríkà, aráàlú lè dìde níwájú ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kó sọ tẹnu rẹ̀. Ohun tó dára ni, títí di ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ní Franklin, ní ìpínlẹ̀ Tennessee. Àwọn ìgbìmọ̀ dìbò pé kí àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bo imú. Àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì kan ti sọ pé àwọn fara mọ́ ọn. Wọ́n jáde síta, àwọn òbí kan yí mọ́tò wọn po, wọ́n ń halẹ̀ pé àwọn mọ̀ wọ́n, pé àwọn yóò wá wọn rí. Fídíò rẹ̀ ká gbogbo ayé. Àwọn ọmọ tí ìjà wà lórí wọn ti sùn nílé ní àkókò yẹn, nítorí wọ́n ti kọ́ wọn pé ọmọ dáadáa kì í pariwo lálẹ́.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ a-bo-imú, ẹ má pàtẹ́wọ́ jù, mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ní oṣù kejì ọdún 2022, Stacey Abrams, tó ń du ipò gómìnà Georgia, lọ kàwé fún àwọn ọmọ ilé-ìwé kan. Fọ́tò jáde: àwọn ọmọ jókòó, gbogbo wọn bo imú bíi nọ́ọ̀sì ilé ìṣẹ́ abẹ; àlejò pàtàkì jókòó sí àárín wọn, ó ń rẹ́rìn-ín, eyín funfun báláú. Ìyẹn ṣì kéré. Ní ìparí oṣù kìíní ọdún yẹn, ní ibi ìdíje bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní Inglewood, lẹ́bàá Los Angeles, níbi tí òfin ti ní kí gbogbo ènìyàn bo imú, Gómìnà Gavin Newsom ti California àti olórí ìlú Los Angeles nígbà náà, Eric Garcetti, ya fọ́tò pẹ̀lú Magic Johnson, gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù alájùsápẹ̀rẹ̀ àtijọ́, láìbo imú. Nígbà tí oníròyìn bi Garcetti, ó ní òun dá èémí òun dúró nígbà tí òun ń ya fọ́tò. Àgbàlagbà ló sọ bẹ́ẹ̀! Lọ́jọ́ tí ọmọ kan bá sọ fún tíṣà ní Los Angeles pé, "Mo bọ́ ọ, àmọ́ n ò mí," kí tíṣà náà rántí pé olórí ìlú ló kọ́kọ́ wí i.

Kí ẹ tó fi ẹ̀rín pa ara yín nílé níbí, tiwa náà ń bọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, Ààrẹ wa ní Nàìjíríà nígbà náà, Buhari, fọwọ́ sí òfin pé ẹni tí kò bá bo imú níta gbangba lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ṣé ẹ gbọ́ pé ẹnikẹ́ni jà? A kò jà. Gbogbo wa gbà á, a sì fi í sí àgbọ̀n. Mo rí i lójú mi lẹ́nu géètì báńkì kan: ọkùnrin kan wọlé, ó yọjú láti inú fèrèsé, ó na ìbòmú rẹ̀ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ níta kí òun náà lè wọlé. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní kí ó má gbàgbé àwọn.

Ìgbà tó di oṣù kẹta ọdún 2022, ọ̀rọ̀ náà ti ń rọlẹ̀. New York, New Jersey àti California ti ń bọ́ ti àwọn ọmọ wọn. Ní ọjọ́ 2 oṣù náà, Gómìnà DeSantis lọ sí University of South Florida ní Tampa. Wọ́n to àwọn ọmọ ilé-ìwé girama kan sẹ́yìn ibi tí yóò ti sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì bo imú. Ó rí wọn, inú rẹ̀ kò dùn. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bọ́ ọ, pé kò ṣe nǹkan kan, pé kí àwọn yéé ṣe eré orí ìtàgé Kòrónà. Ó ní ẹni tó bá wù lè fi í sílẹ̀ lójú o, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá sọ fún eégún pé kó ṣí agọ̀ láàrin agbo, pàṣán ni yóò fi jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Èyí tún jẹ́ gómìnà tó ní kí ìjọba má bá ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ ohun tí yóò fi bo imú.

Àwọn ọmọ náà wo ara wọn. Àwọn kan bọ́ ọ. Àwọn kan fi tiwọn sílẹ̀ lójú. Kò sẹ́ni tó pariwo nínú wọn, kò sì sẹ́ni tó pe ẹnì kejì rẹ̀ lẹ́jọ́.