Àgbà Tó Ní Sùúrù àti Yàrá Tó Ṣẹ́kù

Sùúrù ni baba ìwà. Àgbà tó ní sùúrù, ohun gbogbo ló ní. Àwọn tó pa òwe yìí sílẹ̀ fún wa kò wọ ọkọ̀ afẹ́ orí òkun rí. Ká ní wọ́n wọ̀ ọ́ ni, wọn ì bá fi kún un pé ohun gbogbo tí àwọn ẹlòmíì ti yẹ̀ wò, tí wọ́n ní kò wu àwọn, ni àgbà náà máa ń ní.

Ẹ wo ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Houston. Láti ìlú yẹn dé èbúté Galveston kò ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ, ibẹ̀ sì ni àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí Cozumel ní Mẹ́síkò àti Roatán ní Honduras ti máa ń gbéra. Ìyàwó rẹ̀ fẹ́ pé ọgọ́ta ọdún lóṣù kẹfà. Ó ní òun ò fẹ́ gbọ̀ngàn, òun ò fẹ́ alásè, òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa bínú nítorí pé ẹran kò kárí. Orí omi lòun ti fẹ́ ṣe é. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbà, wọ́n mú aṣọ ẹbí, léèsì aláwọ̀ òkun pẹ̀lú gèlè fàdákà. Kò ku nǹkan kan mọ́ àfi kí ọkọ sanwó. Ọkọ ní òun ń ṣe sùúrù.

Sùúrù náà ní ìwé. Ó ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, ó fa ìlà sí i láàárín: déètì lápá òsì, owó lápá ọ̀tún. Kó tó gbàdúrà òwúrọ̀ ló ti ń wo fóònù. Lóṣù kìíní, yàrá tó ní bákónì jẹ́ $1,180 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó ní yóò wálẹ̀. Ó wálẹ̀ sí $1,090. Ó ní ohun tó ti ń bọ̀ nílẹ̀ kì í dúró lójú ọ̀nà. Ó di $1,240. Ó ní wọ́n kàn ń dẹ́rù bà wá ni. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì sọ fún un pé ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ máa ń dá ẹni tó bá ń wo iye owó lemọ́lemọ́ mọ̀, pé wọ́n á sì fowó lé e fún un. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù ìyàwó wò ó, ó fi ti ọmọ wò ó, ó fi ti àlejò tó wá kí wọn wò ó. Bí a bá pè é láti kí i, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni, "Ó tún ti gòkè o!" Àwa ará ilé á máa rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń wí.

Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ìdí wà fún ìgbàgbọ́ rẹ̀. Yàrá ọkọ̀ dà bí ẹ̀fọ́ lọ́jà alẹ́. Bí ọkọ̀ bá ti tú okùn, yàrá tí kò rí ẹni sùn sí i kò lè pa kọ́bọ̀ wọlé mọ́, nítorí náà ẹlẹ́fọ̀ọ́ a máa dín owó kó lè palẹ̀ igbá mọ́. Nígbà tí Kòrónà dé lóṣù kẹta 2020, àwọn ọkọ̀ ńlá kò kó èrò afẹ́ kúrò ní èbúté Amẹ́ríkà mọ́ títí di oṣù kẹfà 2021. Nígbà tí wọ́n sì padà, ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n fi ń tajà. Àwọn tó jẹ nínú ẹ̀bẹ̀ yẹn kò tíì dákẹ́ ìròyìn rẹ̀ títí dòní.

Ṣùgbọ́n ẹlẹ́fọ̀ọ́ ti ra kọ̀ǹpútà. Lọ́dún 2024, èrò inú àwọn ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ Royal Caribbean tó nǹkan bíi 108%. Kì í ṣe pé èèyàn ń sùn sílẹ̀ o. Ẹni méjì ni wọ́n ń kà sí yàrá kan, àwọn ọmọ tó wà lórí ibùsùn kẹta àti ìkẹrin ló ń mú un lé. Ẹ̀fọ́ mélòó ló máa ṣẹ́kù sínú irú igbá bẹ́ẹ̀ tí wọ́n á fi tà á ní gbàǹjo?

Ká sòótọ́, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ gan-an ni àgbà onísùúrù inú òwe yìí. Ó lè gbé ìrìn àjò kan sọ́jà ní bí ọdún méjì kí ọkọ̀ tó gbéra, á jókòó tì í, á máa fowó kún un bí yàrá ṣe ń tán. Láti oṣù kìíní sí oṣù kẹta, tí wọ́n ń pè ní àsìkò ìgbì, wọ́n á lu agogo: ọmọ kẹta àti ìkẹrin lọ́fẹ̀ẹ́! Bẹ́ẹ̀ owó èbúté àti owó ẹ̀bùn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ kò yọ ọmọ náà sílẹ̀. Wọ́n á ní èènì wà, èènì tí kò ṣeé ná níbòmíì àfi nínú ọkọ̀ wọn. Wọ́n á wá fi lẹ́tà pupa kọ ọ́ pé alẹ́ òní ló ń parí. Bí ilẹ̀ bá mọ́, òmíràn á ti dé pẹ̀lú orúkọ tuntun, iye owó náà kò sì ní yàtọ̀.

Nínú gbogbo ariwo yìí, ọjọ́ kan ló yẹ kéèyàn kọ sára ògiri: ọjọ́ àsanparí. Fún ìrìn àjò ọ̀sẹ̀ kan tàbí èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ 75 sí 90 ọjọ́ kí ọkọ̀ tó gbéra. Àwọn tó gùn lè tó 120. Ẹni tó bá san owó àsansílẹ̀ tó ṣeé gbà padà lè yí ọkàn padà kí ọjọ́ náà tó pé, kò sí ìjà. Ní Amẹ́ríkà, bí owó bá tún já wálẹ̀ láàárín ìgbà yẹn, ejẹ́ǹtì tó bá a gba yàrá á pe ilé-iṣẹ́ ọkọ̀, wọ́n á sì bá a dín in kù. (Àsansílẹ̀ tí kò ṣeé gbà padà náà wà, òun ló sì máa ń dẹrùn, kí onítọ̀hún fara balẹ̀ ka ohun tó ń fọwọ́ sí.) Ẹni tó ti gba yàrá sílẹ̀ náà ń ṣe sùúrù, àmọ́ yàrá ti jẹ́ tirẹ̀. Mo sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó rẹ́rìn-ín. "Àbúrò, ọmọdé ló ń ṣe ọ́. Bí ọlọ́jà bá ti gbowó lọ́wọ́ rẹ, kí lo tún fẹ́ fi ná an?"

Oṣù kẹfà dé. Àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó rẹ̀ ti san àsansílẹ̀ láti oṣù kìíní, ejẹ́ǹtì wọn sì ti gba $1,090 fún wọn nígbà tó wálẹ̀. Wọ́n lọ. Fídíò wọlé láti Cozumel: àwọn ìyáàfin nínú léèsì aláwọ̀ òkun, gèlè ń kọ mànà, wọ́n ń gé kéèkì tí orúkọ ọlọ́jọ́ ìbí wà lórí rẹ̀. Ọlọ́jọ́ ìbí fúnra rẹ̀ wà ní kíṣìnnì ní Houston, ó ń bó ẹ̀wà. "Àìtètè mólè, olè ń mólóko," ó ní, ó sì na fóònù sí ọkọ rẹ̀. Ọkọ wò ó dópin. "Ṣé wọ́n sọ iye tí wọ́n san lórí kéèkì yẹn?"

Nígbà tó yá, owó yàrá bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Oṣù kẹsàn-án, inú ẹ̀gbọ́n mi dùn. Àwọn ọmọ ti padà sílé ìwé ní tiwọn, ṣùgbọ́n ìjì líle náà wà nídìí ọ̀rọ̀: láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà sí ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kọkànlá ni àsìkò rẹ̀ ní òkun tí ọkọ̀ ń gbà lọ sí Cozumel, oṣù kẹsàn-án ló sì máa ń le jù. Ọ̀gá ọkọ̀ á yà fún ìjì, ìwé àdéhùn sì fún un láṣẹ. Ẹni tó sanwó Cozumel lè jí bá ara rẹ̀ ní èbúté tí kò rò. "Dádì," ni ìyàwó wí, "ìjì ni wọ́n ń tà fún yín, kì í ṣe ọkọ̀." Ẹ̀gbọ́n mi tún rí òmíràn, ọkọ̀ tí yóò la Àtìláńtíìkì kọjá lọ sí Barcelona, òru mẹ́rìnlá ní owó òru méje. Ó ti ń yọ̀ kí ìyàwó tó bi í léèrè pé ta ló máa gbé wọn padà láti Barcelona.

Láàárín èyí, físà àbúrò ìyàwó rẹ̀ tó yẹ kó ti Ìbàdàn wá bá wọn ṣe ayẹyẹ ti kú. Ti àtijọ́ gba ìwọlé lọ́pọ̀ ìgbà. Àmọ́ lóṣù keje 2025, ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta ni Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fún èyí tó pọ̀ jù nínú àlejò tó ti Nàìjíríà wá, àwọn ọlọ́kọ̀ sì máa ń béèrè físà tó lè mú èèyàn padà wọlé lẹ́yìn Mẹ́síkò. Bí àbúrò ìyàwó ṣe jókòó sí Bódìjà ní Ìbàdàn nìyẹn.

Oṣù kọkànlá ni ẹ̀gbọ́n mi tó ṣẹ́gun: $610 lórí ẹnì kan, yàrá tí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ máa bá wọn yàn. Ó pè mí láàárọ̀ kùtù kó lè kà á sí mi létí. Owó òṣìṣẹ́ nìkan, $18 lójúmọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ti di $252 fún àwọn méjèèjì lọ́sẹ̀ kan. Èyí kò sí nínú ìwé rẹ̀. Yàrá tí wọ́n yàn fún wọn wà nísàlẹ̀ pátápátá, níwájú ọkọ̀, kò sí fèrèsé, ẹ̀rọ tí ọkọ̀ fi ń sún ara rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bó bá fẹ́ gúnlẹ̀ sì wà lábẹ́ ìrọ̀rí wọn. Bí ọkọ̀ bá ti ń sún mọ́ èbúté ní ìdájí, gbogbo yàrá á máa gbọ̀n, ife á máa rìn lórí tábìlì. Ìyàwó gbé léèsì rẹ̀ wọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kejì, òun nìkan ṣoṣo láwọ̀ òkun nínú gbogbo ilé oúnjẹ, àwọn òyìnbó sì ń bi í bóyá òun ni yóò kọrin.

Nínú ọkọ̀ náà, ọ́fíìsì kékeré kan wà tí wọ́n ti ń ta ìrìn àjò ọjọ́ iwájú. Wọ́n á dín àsansílẹ̀ kù, wọ́n á fi èènì lé e, wọ́n mọ̀ pé ẹni tí oòrùn ti yá lára kì í ná ọjà. Lálẹ́ tó kẹ́yìn, ìyàwó wá ọkọ rẹ̀ títí. Iwájú ọ́fíìsì yẹn ló ti rí i, káàdì lọ́wọ́, ó ń buwọ́ lu yàrá oníbákónì ti ọdún 2027.

"Dádì, ṣé owó ẹ̀ ti wálẹ̀ ni?"

"Rárá o." Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Wọ́n ní alẹ́ òní ló ń parí."